Èèpo Ọsàn Nínú Bàtà

Ìjà lórí àwọ̀ yìnyín ló kọ́kọ́ pa Iṣẹ́olúwa àti Lùbàbà pọ̀. Ìlú Parakou ni wọ́n ti jà á, níbi tí yìnyín ò ti rọ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ ìlú náà dó.

Ọ̀sán Sátidé kan ni, nínú ṣọ́ọ̀bù Mùjàhídì ní àdúgbò Títírù. Mùjàhídì a máa tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, a sì máa tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kírun Àlàásárì tán ní ọjọ́ Sátidé, yóò pa ilẹ̀kùn dé díẹ̀, yóò ta aṣọ funfun sára ògiri, àwọn tó fẹ́ràn fíìmù yóò sì bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọn yóò jókòó sórí ẹní. Wọn ò pọ̀. Olùdarí fíìmù kan ṣoṣo ni wọ́n yàn láàyò, bàbá ará Họ́ngárì kan tó ti kú, Hálmọ́sì lorúkọ rẹ̀. Fíìmù rẹ̀ máa ń falẹ̀. Àwọn ará ilé wọn a máa sọ pé nínú fíìmù Hálmọ́sì, ẹnìkan á jókòó, á wo fèrèsé, fíìmù á sì parí.

Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni *Àtùpà Ojú Irin*. Ọkùnrin kan ní abúlé kan ló máa ń gbé àtùpà dúró fún ọkọ̀ ojú irin, ó sì ní àlè ní abúlé kejì. Ìyàwó rẹ̀ mọ̀, kò sì sọ nǹkan kan. Bóyá torí pé Parakou ni ojú irin tó ti Kùtọnu wá ti parí, tí ọkọ̀ èrò ò sì gba orí rẹ̀ wá mọ́, ni ìtàn náà ṣe wọ̀ wọ́n lára tó bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́olúwa ló ni àwo fíìmù tí wọ́n ń wò lọ́jọ́ náà, èyí àtijọ́ tí ilé-iṣẹ́ kan ní Faransé tẹ̀. Ọmọ àwọn oníṣòwò tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ti kàwé jáde, ara rẹ̀ kì í sì í balẹ̀ lójú kan. Ohun tó máa ń fi tu ara nínú ni kó máa wá ìyàtọ̀ láàárín àwo kan àti èkejì: ibi tí wọ́n gé, ibi tí wọ́n fi kún un, ibi tí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán ti yí padà.

"Ẹ wo bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ṣe pọ́n sórí yìnyín yẹn," ó ní. "Hálmọ́sì nìkan ló lè ṣe é."

Ọmọbìnrin kan tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Màrwá mú wá lọ́jọ́ náà fún ìgbà àkọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

"Kì í ṣe oòrùn nìyẹn. Àwo yín ni ò dáa."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ọmọ aláṣọ ni mí. Mo mọ aṣọ funfun tó wà nínú oòrùn, mo sì mọ aṣọ funfun tí wọ́n fi ọṣẹ burúkú fọ̀. Èyí, ọṣẹ burúkú ni."

Mùjàhídì rẹ́rìn-ín títí tó fi di ara ògiri mú. Iṣẹ́olúwa bínú, ó ṣàlàyé, ó tọ́ka sí òjìji lórí ògiri. Ọmọbìnrin náà ò yí ohùn padà. Nígbà tó yá, Iṣẹ́olúwa rí i pé kì í ṣe yìnyín ni òun ń wò mọ́.

Lùbàbà lorúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ni Alájì Gàní tó ń ta aṣọ lọ́jà, ilé wọn sì wà ní àdúgbò Albarika. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti odò. Bó bá ń sọ̀rọ̀, a máa fi ọwọ́ tún etí gèlè rẹ̀ ṣe, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà lè mú un yẹ̀.

Láìpẹ́ láìjìnnà, ó di pé ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, bí Lùbàbà bá jáde ní ilé-ìwé, ọ̀kadà akérò tí wọ́n ń pè ní zẹ́mì á gbé e wá sí ibùdókọ̀ ojú irin àtijọ́. Iṣẹ́olúwa á ti wà níbẹ̀, á máa lọ á máa bọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀.

"Jókòó, o jàre. Ọkọ̀ ò ní í wá."

"Bó bá wá ńkọ́?"

"Bó bá wá, màá wọ̀ ọ́, màá fi ọ́ sílẹ̀ níbí."

Á jókòó. Wọn á sọ̀rọ̀ ilé, wọn á sọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ á máa padà sórí Hálmọ́sì. Nígbà náà, ìròyìn ti tàn káàkiri láàárín àwọn olólùfẹ́ fíìmù pé wọ́n ti tẹ *Àtùpà Ojú Irin* jáde ní ọ̀tun ní Yúróòpù. Wọ́n ti fọ àwòrán rẹ̀ mọ́, wọ́n sì ti dá àwọn ibi tí wọ́n gé nígbà àkọ́kọ́ padà sínú rẹ̀. Ibì kan wà níbẹ̀ tí gbogbo ẹni tó ti wò ó ń yìn. "Ibi ọsàn" ni wọ́n ń pè é, kò sì sí ẹni tó fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n má baà bà á jẹ́ fún ẹni tí kò tíì rí i.

"Kí lo rò pé wọ́n ń fi ọsàn ṣe?" Lùbàbà bi í léèrè.

"Má sọ fún mi pé kí n máa rò ó. Mi ò ní í sùn."

Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù Mùjàhídì ti jọ pinnu pé àwọn ò ní í wá a wò lórí fóònù ní díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Mùjàhídì tó wà ní Líyọ̀n ní Faransé yóò ra àwo náà ránṣẹ́, wọn yóò sì jọ wò ó lórí ògiri, gbogbo wọn, lọ́jọ́ kan náà.

Ọ̀rọ̀ wá dé etí Alájì Gàní. Bàbá náà ò pariwo. Ó pe ọmọ rẹ̀ jókòó, ó ní òun ò bá ará Nàìjíríà jà, òun ò sì bá ọmọ oníṣọ́ọ̀ṣì jà, àwọn ni oníbàárà òun. Ṣùgbọ́n òun ò ní í fi ọmọ òun fún ilé tí wọn ò ti kírun.

Iṣẹ́olúwa gbé ọ̀rọ̀ náà tọ ìyá rẹ̀ lọ. Ìyáàfin Ọmọ́yẹmí ń to ẹ̀yà ara ọ̀kadà sórí tábìlì nínú ìsọ̀ wọn.

"Kò sí ọmọbìnrin kankan nínú ìjọ wa?" ìyá béèrè.

"Ó wà, Màmá. Àmọ́ wọn ò mọ Hálmọ́sì."

"Ta ni ìyẹn? Pásítọ̀ ni?"

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣàlàyé tán, ó mi orí. Ó to ẹ̀yà ara ọ̀kadà fún ìgbà díẹ̀ sí i kó tó sọ pé, "Wá ẹni tí wọ́n máa gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bí àwa bá lọ, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n á ti dá wa padà."

Ẹni tó bá a mu ò ju ẹyọ kan lọ. Mùjàhídì a máa kírun nínú mọ́sáláṣí tí Alájì Gàní ti ń kírun, bàbá rẹ̀ sì ti bá Alájì rin ìrìn-àjò òwò rí.

"Fi lé mi lọ́wọ́," ni Mùjàhídì wí. "Bí mo bá wọlé, màá sọ̀rọ̀ rẹ débi tí Bàbá á fi máa wá ọ kiri Parakou."

Ìyáàfin Ọmọ́yẹmí fúnra rẹ̀ ló lọ ra obì gbànja. Ó ṣà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ewé tútù dì í. Obì ìkànlẹ̀kùn ni. Bí wọ́n bá gbé e dé ilé bí ti Alájì Gàní, tí bàbá ilé sì gbà á, yóò pe orúkọ ẹni tó ń tọrọ ọmọ rẹ̀, yóò ṣàdúrà lé e, àwọn tó wà níbẹ̀ yóò ṣe àmín. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ ti di ti ilé méjèèjì.

Lọ́jọ́ tí Mùjàhídì gbé e lọ, Iṣẹ́olúwa dúró sí ìdí oníkọfí kan ní ìkángun òpópónà ilé Alájì, kọfí rẹ̀ tutù kò sì fẹnu kàn án. Nígbà tí Mùjàhídì jáde, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

"Ó gbà á?"

"Ó gbà á."

"Ó ṣàdúrà?"

"Ó ṣàdúrà." Mùjàhídì nu ojú rẹ̀. "Ó ní ká ní sùúrù. Má lọ síbẹ̀ fúnra rẹ o. Jẹ́ kí n máa lọ."

Iṣẹ́olúwa dì mọ́ ọn lójú gbogbo ènìyàn.

Òjò rọ̀, òjò dá, ọyẹ́ dé. Mùjàhídì ń lọ sílé Alájì, ó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ tó sì ń mú bọ̀ ò ju pé kí wọ́n ní sùúrù. Àwo fíìmù tuntun náà ò tíì dé. Mùjàhídì ní ẹ̀gbọ́n òun ti fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn dùwáànì, àwọn aṣọ́bodè, dì í mú ní Kùtọnu. Lùbàbà ṣì ń wá sí ibùdókọ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ mọ́. Iṣẹ́ ilé-ìwé pọ̀, ìyá rẹ̀ ń retí rẹ̀, orí ń fọ́ ọ. Iṣẹ́olúwa gba gbogbo rẹ̀ gbọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan báyìí, ó ń ṣàlàyé fún un bí ariwo ọkọ̀ ojú irin inú àwo àtijọ́ ṣe yàtọ̀ sí ti téèpù tó ṣáájú rẹ̀. Ó ti ṣàlàyé títí. Lùbàbà fi ọwọ́ di etí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Bí o bá tún fi kan ọ̀rọ̀ kan kún un, màá ki èèpo ọsàn bọ inú bàtà rẹ, bí ìyàwó ọjọ́sí."

Iṣẹ́olúwa náà rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wo?"

Lùbàbà fi ọwọ́ kan etí gèlè rẹ̀. "Ìyàwó kan ni. Dìde, jẹ́ ká wá zẹ́mì."

Ó ti bá a wá zẹ́mì, ó ti juwọ́ sí i, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé kí ọ̀rọ̀ náà tó sọ sí i lọ́kàn. Ọsàn.

Bí wọ́n ti ṣe ìsìn tán ní ọjọ́ Àìkú, ó ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ó ki àwo rẹ̀ bọ ẹ̀rọ. Ó wo *Àtùpà Ojú Irin* láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyàwó náà fọ abọ́, ó dáná, ó wo fèrèsé. Kò sí ọsàn níbì kankan. Bàtà ọkùnrin náà wà lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà mìíràn tí ọ̀rọ̀ náà lè gbà. Bóyá Lùbàbà kà á níbì kan? Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọ ọ́ síbì kankan, òun gan-an ti wá a títí. Bóyá ó wò ó lórí fóònù? Fóònù máa ń dùn ún lójú, kì í tilẹ̀ í lè ka ọ̀rọ̀ gígùn lórí rẹ̀. Bóyá Lùbàbà ló dọ́gbọ́n rẹ̀ fúnra rẹ̀, bí àwàdà lásán? Ìyẹn ló fẹ́ gbà gbọ́. Ó fi gbogbo ọjọ́ náà gbìyànjú láti gbà á gbọ́. Gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ ló ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí òun rí àlọ́ tó le gan-an já, èyí sì wá rọrùn jù. Ibì kan ṣoṣo ni àwo tuntun lè gbà wọ Parakou.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sí Títírù. Mùjàhídì nìkan ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń kó bébà sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

"Iṣẹ́, o ti jí?"

"Mo ti jí. Àwo wa ńkọ́?"

"Dùwáànì. Àwọn ènìyàn yẹn ò lójú àánú."

"Kò burú. Mo tiẹ̀ kà á lánàá pé ká má wulẹ̀ dààmú. Wọ́n ní yìnyín tó wà nínú èyí tuntun, ó ṣì pọ́n bíi ti tèmi. Wọ́n ò rí i fọ̀."

"Irọ́ ni," Mùjàhídì wí láìgbójú sókè. "Funfun báláú ni. O tiẹ̀ máa rí ipa ẹsẹ̀ ẹyẹ lórí rẹ̀."

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń kùn. Bébà kan jáde, òmíràn jáde. Mùjàhídì dúró síbi tó wà, ọwọ́ rẹ̀ lórí bébà, kò sì yí ojú padà.

"Ìgbà wo ló dé?" Iṣẹ́olúwa béèrè.

"Jókòó, ọ̀rẹ́ mi."

"Mo fẹ́ dúró. Ìgbà wo ló dé?"

"Kí ọyẹ́ tó dé."

"Ìwọ àti Lùbàbà ni ẹ jọ wò ó?"

"Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀." Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ìyẹn ló máa mú ọ̀rọ̀ náà sàn. "Iyàrá àlejò wọn ni. Bàbá ní kí n máa wá kí i. Iṣẹ́, kí ni mo fẹ́ bá a sọ níwájú ìyá rẹ̀? Nǹkan kan ṣoṣo tí a jọ mọ̀ náà nìyẹn."

"Bàbá ní kí o máa wá kí i? Kí ló dé tó fi ní kí ìwọ máa wá kí i?"

Mùjàhídì wá jókòó. Ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ obì, òun dárúkọ Iṣẹ́olúwa, Alájì sì gbọ́. Alájì wo òun títí, ó béèrè ìlera bàbá òun. Ó wá gbé ọwọ́ sókè, ó ń ṣàdúrà lórí obì náà. Orúkọ Mùjàhídì ló pè.

"Mo rò pé ó ṣì í pè. Lẹ́yìn náà mo rí ojú rẹ̀. Kò ṣì í pè."

"Kí lo wá sọ?"

"Àdúrà ló ń lọ lọ́wọ́, Iṣẹ́. Ta ló ń dá àdúrà àgbàlagbà dúró?"

"Mo ní kí lo sọ."

Mùjàhídì wo àwọn bébà tó ti kún ilẹ̀.

"Mo ní àmín."

Iṣẹ́olúwa ti rò pé òun yóò gbá a létí. Ṣùgbọ́n ó kàn tẹrí ba, ó ń wá bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì pẹ́ kó tó rí i, bẹ́ẹ̀ iwájú rẹ̀ gan-an ni bàtà náà wà.

Lùbàbà wá sí ibùdókọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ó ti gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ti tú; kò níláti wá, ó sì wá. Òun ló ń lọ tó ń bọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, Iṣẹ́olúwa ló jókòó.

"Mo wà lẹ́yìn aṣọ ilẹ̀kùn," Lùbàbà ní. "Mo gbọ́ nígbà tí Bàbá pe orúkọ Mùjàhídì. Mo ń dúró kó sọ pé rárá. Nígbà tí kò sọ, mo ń dúró kí èmi fúnra mi sọ ọ́."

"O ò sì sọ ọ́."

"Mi ò sọ ọ́."

"Láti ìgbà yẹn lo ti ń wá síbí."

"Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń sọ pé òní ni màá sọ fún ọ. O máa ń dé, o máa ń dunnú, o máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nípa àwo fíìmù. Ìgbà wo ni mo fẹ́ wọlé sí i?"

Lùbàbà fẹ́ fi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò jáde.

"Ṣé o fẹ́ràn rẹ̀?"

Lùbàbà ronú. Ìyẹn ló dun Iṣẹ́olúwa jù, pé ó ronú sí i tọkàntọkàn, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ronú bí wọ́n bá ń jiyàn.

"Ó rọrùn, Iṣẹ́. Kò sí ẹni tó ń sunkún nílé wa mọ́. Bó bá wọlé, Bàbá á rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé ó ti rẹ̀ mí tó bẹ́ẹ̀."

"Ibi ọsàn yẹn," Iṣẹ́olúwa wí. "Kí ni obìnrin náà ṣe?"

"Má jẹ́ kí n sọ ọ́. Wò ó fúnra rẹ. Mùjàhídì á fún ọ."

"Sọ ọ́."

Ó wá jókòó, ó fi àyè ńlá sílẹ̀ láàárín wọn.

"Ọkọ ń sùn. Ìyàwó jókòó ti fèrèsé, ó ń bó ọsàn. Ó jẹ ẹ́ tán. Ó dìde, ó ki èèpo rẹ̀ bọ inú bàtà ọkọ rẹ̀, ó lọ dùbúlẹ̀. Kò bá a jà. Ó kàn fẹ́ kó mọ̀ pé òun ti mọ̀ ni."

"Kí ni ọkọ ṣe nígbà tó wọ bàtà?"

Lùbàbà ṣí ẹnu, ṣùgbọ́n Iṣẹ́olúwa ti gbé ọwọ́ sókè.

"Fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi," ó ní. "Ẹ ti gba gbogbo èyí tó kù lọ́wọ́ mi."

Ìyá Iṣẹ́olúwa náà gbọ́. Ó ń to ẹ̀yà ara ọ̀kadà. Ó ní, "Obì mi. Mo ṣà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan," ó sì wọ ẹ̀yìn ìsọ̀ lọ.

Ilé Alájì Gàní ni wọ́n ti so yìgì Lùbàbà àti Mùjàhídì, ní òwúrọ̀. Màrwá, ọ̀rẹ́ Lùbàbà, ti ránṣẹ́ sí Iṣẹ́olúwa pé kó má wá, kó jọ̀ọ́ nítorí orí ìyá rẹ̀. Ó dáhùn pé òun ò ní í wọlé. Ní ìkángun òpópónà, nítòsí ibi tí kọfí rẹ̀ ti tutù lọ́jọ́sí, obìnrin kan ń fi ọ̀bẹ bó ọsàn tà, èèpo ń bọ́ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sínú igbá.

"Ìyá, ẹ fún mi ní èèpo yìí díẹ̀."

"Èèpo? Ewúrẹ́ lo ń sìn ni?"

"Rárá, Ìyá. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ń gbéyàwó."

Obìnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀. "Gba ọsàn náà mọ́ ọn, ọmọ mi," ó ní. "Ó jọ pé o ò tíì jẹun."

Bàtà ti kún ẹnu ọ̀nà Alájì, tàgbà tèwe. Ohùn ààfáà ń jáde láti inú ilé. Kò ṣòro fún Iṣẹ́olúwa láti mọ ti Mùjàhídì. Bàtà aláwọ funfun ni, tuntun, èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Líyọ̀n. Mùjàhídì ti fi àwòrán rẹ̀ hàn án rí, kí ọyẹ́ tó dé, ó ní nínú páálí kan náà ni àwo wọn ti ń bọ̀. Iṣẹ́olúwa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ká èèpo náà, ó ki í bọ ìsàlẹ̀ ti òsì níbi tí ìka ẹsẹ̀ máa ń dé, ó sì sọdá sí òdìkejì títì.

Inú ilé dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé àmín.

Wọ́n jáde, wọ́n ń kí ara wọn, wọ́n ń bọ́wọ́. Alájì Gàní ń rẹ́rìn-ín gẹ́gẹ́ bí Lùbàbà ti wí. Mùjàhídì wà láàárín wọn nínú agbádá funfun. Ó ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ bàtà, ó ki ti òsì bọ̀ ọ́, ó sì dúró.

Ẹnìkan ń bá a sọ̀rọ̀. Ó wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè, ó ń wá ẹnìkan láàárín èrò, ó wò ré kọjá èrò, ó sì rí Iṣẹ́olúwa lódìkejì títì, tó mú ọsàn tí wọ́n ti bó lọ́wọ́.

Wọ́n wo ara wọn. Aṣọ ojú fèrèsé kan nínú ilé mì, ó sì dúró.

Mùjàhídì lè bọ́ bàtà náà, kó gbọ̀n ọ́n nù. Ì bá rọrùn. Àwọn ènìyàn á rò pé òkúta ni. Kò bọ́ ọ. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó yí padà, ó bá àwọn àna rẹ̀ rìn lọ síbi ọkọ̀, ó ń tiro díẹ̀ lẹ́sẹ̀ òsì, títí ó fi wọ inú ọkọ̀ tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Iṣẹ́olúwa jẹ ọsàn náà níbẹ̀ lórí ìdúró, ó jẹ ẹ́ tán. Títí di òní, kò tíì wo àwo tuntun náà, kò sì mọ ohun tí ọkùnrin inú fíìmù ṣe nígbà tó wọ bàtà. Èyí tí Mùjàhídì ṣe ló mọ̀.